Omi Rédíétọ̀ Kì Í Dédé Tán: Bí A Ṣe Ń Wá Ibi Tí Píkọ́ọ̀pù Ti Ń Jò

Láti ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́ oníròyìn ilé ìwé, SS 2

Mo mọ̀ pé ìdúró lẹ ti ń ka bébà ara ògiri wa yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tètè wọ inú ọ̀rọ̀.

Nínú àwa tí bàbá, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n wa ní píkọ́ọ̀pù, ta ni wọn kì í rán láàárọ̀ pé, "Lọ bá mi wo omi rédíétọ̀ yẹn, bomi sí i kó o tó lọ sílé ìwé"? A ó gbé kẹ́ẹ̀gì, a ó da omi sí i, a ó dé e, ó parí. Lọ́la, a ó tún ṣe é. Ó ti di iṣẹ́ àárọ̀ bíi ilẹ̀ gbígbá.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí ni pé: níbo ni omi àná lọ? Rédíétọ̀ kì í mu omi bí èèyàn ṣe ń mu ún. Ibi tí omi ń gbà yí ká nínú ẹ́ńjìnì, ibi tí a dé pa ni. Bí gbogbo nǹkan bá pé, omi tí a rọ sí i lónìí ṣì yẹ kó wà níbẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Bí ó bá ń dín kù lójoojúmọ́, ó ń jò níbì kan ni. Ẹni tó kàn ń bomi sí i láìwá ibẹ̀, inú agbọ̀n ló ń pọnmi sí.

ISẸ́ TÍ OMI Ń ṢE

Epo tó ń jó nínú ẹ́ńjìnì ń mú ooru púpọ̀ wá. Díẹ̀ nínú agbára yẹn ló ń yí táyà. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ń wọ inú omi, kí omi náà lè gbé e jáde. Bí omi kò bá gbé e jáde, irin inú ẹ́ńjìnì á gbóná débi pé á wọ́.

Báyìí ni omi ṣe ń rìn. Pọ́ǹpù omi kan wà níwájú ẹ́ńjìnì tó ń tì í yí ká àwọn ibi tí epo ti ń jó. Bí ẹ́ńjìnì bá ṣì tutù, ilẹ̀kùn kékeré kan tó ń jẹ́ thermostat á wà ní títì, kí ẹ́ńjìnì lè tètè móoru. Tí omi bá ti gbóná dé nǹkan bí 82°C, thermostat á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Omi gbígbóná á gba họ́ọ̀sì òkè wọ inú rédíétọ̀, á gba inú àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá, atẹ́gùn àti fáànù á fẹ́ ẹ, á tutù, á sì gba họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnì. Omi tó wà nínú Hilux tó lítà méje sí mẹ́wàá, ó dá lórí irú ẹ́ńjìnì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Nǹkan bí ẹ̀kán omi 20 ló ń di mílílítà 1. Bí họ́ọ̀sì kan bá ń kán ẹ̀kán kan péré ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kán 60 nìyẹn ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn mílílítà 3. Ní wákàtí kan, ó di mílílítà 180. Láàárín wákàtí mẹ́ta, ó di 540: pure water odindi kan ti lọ, ó tún lé. Ẹ̀kán tí a rò pé kò tó nǹkan nìyẹn o.

Ẹ MÁ ṢÍ I NÍGBÀ TÓ BÁ GBÓNÁ

Kí á tó dé ibi wíwá, mo fẹ́ sọ èyí ní gbangba, nítorí òun ló ń bó èèyàn lójú.

Gbogbo wa mọ̀ ọ́n ní kíláàsì Físíìsì pé omi ń hó ní 100°C. Ṣùgbọ́n bí a bá dé e pa tí a sì fún un mọ́lẹ̀, kò ní tètè hó mọ́. Bí ìkòkò pressure cooker ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ìdérí rédíétọ̀ ní sípíríǹgì nínú tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá rí 1.1 lára ìdérí, ìfúnpá tó lè mú mọ́ra nìyẹn, omi sì lè gbóná dé nǹkan bí 120°C láìhó.

Ẹ wá wò ó: omi tó ti kọjá 100°C wà níbẹ̀, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, kò sì hó. Ẹ ṣí ìdérí. Ìfúnpá á lọ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo omi náà á hó lójijì, á sì tú sókè sí ojú àti àyà ẹni tó dúró tì í. Kò sí pé "mo máa fi rágì dì í mú." Rágì kò lè dá a dúró. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa. Ẹ fọwọ́ kan họ́ọ̀sì òkè: bí ó bá ṣì gbóná tàbí tó le gan-an nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, kò tíì yá. Àárọ̀ kùtù, kí wọ́n tó sítáàtì ọkọ̀, ló dára jù.

BÍ A ṢE Ń WÁ IBI TÓ Ń JÒ

Ohun tí a nílò kò pọ̀: páálí pẹlẹbẹ kan, tọ́ọ̀ṣì, àti sùúrù.

Kìn-ín-ní, ẹ fi bírò sàmì sí ibi tí omi dé lára ike omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ tún wò ó. Báyìí lẹ ó ṣe mọ̀ bóyá ó ń dín kù lóòótọ́, àti bó ṣe ń yára tó.

Ìkejì, ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ iwájú ọkọ̀ ní alẹ́. Láàárọ̀, páálí á sọ fún yín. Àmọ́ gbogbo ohun tó bá kán kọ́ ni omi rédíétọ̀. Omi ẹ̀rọ a-mú-ọkọ̀-tutù mọ́ kedere, kò ní òórùn, ó sì sábà máa ń kán lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lo AC. Ẹ́ńjìnì ọ́ìlì dúdú, ó sì ń yọ̀. Ọ́ìlì sítíárìn lè pupa, ó sì lè ṣì wá lọ́nà nítorí kúláǹtì kan náà máa ń pupa. Ṣùgbọ́n kúláǹtì ṣàn bí omi, òórùn rẹ̀ dà bíi ti nǹkan dídùn, tó bá sì gbẹ, á fi ìyẹ̀fun aláwọ̀ sílẹ̀ lára irin. Bí omi lásán lẹ ń lò, ìpẹtà ni ẹ ó rí.

Ìkẹta, ẹ tẹ̀lé e lọ sókè. Omi kì í ṣàn gòkè. Ibi tó ti kán sílẹ̀ kọ́ ni ibi tó ti jò. Ó lè jáde lókè, kó gba ara irin wá, kó tó kán sílẹ̀ níbòmíràn. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ wo àwọn ibi wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan:

• Họ́ọ̀sì àti kílíìpù. Ẹ tẹ họ́ọ̀sì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èyí tó dára máa ń le díẹ̀, á sì rọ̀ mọ́ ọwọ́. Èyí tó ti wú, tó là, tàbí tó rọ̀ bí àmàlà, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ẹ wo etí rẹ̀, níbi tí kílíìpù gbé wà. Ibẹ̀ ni jíjò pọ̀ sí jù.

• Rédíétọ̀ fúnra rẹ̀. Òkúta ojú ọ̀nà lè lu ú. Èyí tó pọ̀ lóde òní jẹ́ alumíníọ̀mù láàárín, ike ní òkè àti ìsàlẹ̀ tàbí ní ẹ̀gbẹ́. Ibi tí ike àti irin ti pàdé, àti ọrùn tí họ́ọ̀sì ti wọlé, ni ẹ ó wò dáadáa.

• Ìdérí. Bí rọ́bà abẹ́ rẹ̀ bá ti gbó, omi á máa gba ibẹ̀ lọ sínú ike, á sì ṣàn dànù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ra rédíétọ̀ tuntun nígbà tó jẹ́ pé ìdérí ló bàjẹ́.

• Pọ́ǹpù omi. Ihò kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí àwọn tó ṣe é dìídì lu síbẹ̀. Bí rọ́bà inú pọ́ǹpù bá ti gbó, omi á gba ihò yẹn jáde. Àmì ni, ẹ má dí i. Bí ẹ bá tún gbọ́ tí pọ́ǹpù ń ké tàbí tí púlè rẹ̀ ń mì, kò ní pẹ́ já yín jù sílẹ̀.

• Àwọn họ́ọ̀sì híhà, ìyẹn èyí tó ń mú ooru wọ inú ọkọ̀. Àwa kì í sábà lo híhà, nítorí náà kò sí ẹni tó ń wò ó. Bí kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó níwájú bá tutù, tí gíláàsì iwájú sì ń ṣú pẹ̀lú òórùn dídùn, inú ọkọ̀ níbẹ̀ ló ti ń jò.

• Àwọn ìdí irin róbótó tó wà lára ẹ́ńjìnì. Ìpẹtà ló ń jẹ wọ́n, pàápàá nínú ọkọ̀ tó ti ń mu omi kànga láti ọdún yìí wá.

Bí ẹ bá wò títí tí ẹ kò rí nǹkan kan, ẹ ní kí mẹkáníìkì lo pọ́ǹpù ìdánwò tó ní géèjì. Wọ́n á dè é mọ́ ẹnu rédíétọ̀ nígbà tó tutù, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i dé iye tó wà lára ìdérí, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọwọ́ géèjì bá ń wálẹ̀, ó ń jò. Ibi tí omi bá ti ń yọ ni ẹ ó wò.

TÓ BÁ Ń JÒ SÍNÚ

Èyí ló burú jù, nítorí ilẹ̀ ò ní tutù, páálí ò ní tutù, síbẹ̀ omi ń lọ. Top gasket ni a máa ń fura sí. Òun ni pẹlẹbẹ tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnì àti ara rẹ̀, tó ń ya omi, ọ́ìlì àti iná sọ́tọ̀. Bí ó bá jó:

Èéfín funfun á máa jáde ní sàlẹ́ńsà, kò sì ní dáwọ́ dúró bí ẹ́ńjìnì bá tilẹ̀ gbóná tán. (Èéfín díẹ̀ láàárọ̀ ọyẹ́ kì í ṣe àrùn o, ẹ má fòyà.) Ọ́ìlì tó wà lórí ọ̀pá ìwọ̀n lè dà bíi tíì onímílíìkì. Bí wọ́n bá sítáàtì ọkọ̀ tó tutù láìdé rédíétọ̀, omi á máa yọ ìfófòó láìdúró. Họ́ọ̀sì òkè á sì le gbagidi láàárín ìṣẹ́jú kan, kí omi tó gbóná rárá.

Bí ẹ bá rí èyí, kí ọkọ̀ yẹn má lọ síbì kankan mọ́.

ÀTÚNṢE

Bó bá jẹ́ kílíìpù, sùkúrúdíráífà lásán ló gbà. Ẹ mú un le níwọ̀nba, kó má gé rọ́bà. Bí etí họ́ọ̀sì bá ti gan, tí họ́ọ̀sì sì gùn tó, wọ́n lè gé nǹkan bí ínǹṣì kan kúrò kí wọ́n tún un dè. Bí ó bá là láàárín, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Tíúbù táyà tí àwọn awakọ̀ máa ń so mọ́ ọn, kó gbé yín délé ni. Kì í ṣe àtúnṣe.

Bó bá jẹ́ ìdérí, ẹ ra èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu. Ẹ má ra èyí tó ga jù ú lọ pé ó lágbára jù. Họ́ọ̀sì ló máa bẹ́.

Bó bá jẹ́ rédíétọ̀, èyí tó jẹ́ bàbà látòkè délẹ̀ ṣeé jó fún àwọn tó ń tún rédíétọ̀ ṣe. Ike tó bá là kò ṣeé jó, gúlúù kì í sì í pẹ́ lára rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ì báà ṣe ní Ládípọ̀ ní Èkó tàbí ní ọjà Araromi ní Gate, Ìbàdàn, kí wọ́n ní kí ẹni tó ń tà á dí ẹnu rẹ̀, kó fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí i, kó sì tì í bọ omi. Bí fọkanáísà ṣe ń wá ihò ara tíúbù náà ni: ibi tí omi bá ti ń ru, ibẹ̀ ló lu.

Pọ́ǹpù omi tó ń jò, pípààrọ̀ ni, pẹ̀lú gasket tuntun. Bó bá jẹ́ top gasket, kì í ṣe kí wọ́n kàn fi òmíràn sí i. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé orí ẹ́ńjìnì lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ wo bóyá ó ti wọ́, kí wọ́n sì fá a kó tẹ́jú. Bí kò bá tẹ́jú, gasket tuntun náà á jó.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ rọ omi sí i díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n tan híhà sí gbígbóná, kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ láìdé ìdérí láti ìgbà tó tutù, kí atẹ́gùn inú rẹ̀ lè jáde. Bí omi bá lọ sílẹ̀, ẹ fi kún un, kí ẹ wá dé e. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ tún padà síbi àmì bírò yín.

Kí la ó rọ sí i? Kúláǹtì ìdajì, omi mímọ́ tí a ti sè kó èéfín rẹ̀ jọ ìdajì, bí a ṣe ń ṣe é ní yàrá ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Bí wọ́n bá ti pò ó tán nínú ike, ẹ má fi omi là á mọ́. Àwọn kan ní, "Kúláǹtì kẹ̀? Ṣé yìnyín ń bọ́ ní Èkìtì ni?" Òótọ́ ni pé yìnyín kì í dì nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ìpẹtà ń bẹ nílẹ̀ wa. Kúláǹtì ló ń lé ìpẹtà, òun ló sì ń mú kí rọ́bà inú pọ́ǹpù pẹ́.

Ẹ ṣọ́ra o: májèlé ni. Ó dùn lẹ́nu, ajá àti ewúrẹ́ lè lá a, ọmọ kékeré náà lè mu ún, ó sì ń pa èèyàn. Ẹ má rọ èyí tó kù sínú ìgò mínírà. Èyí tó bá dà sílẹ̀, ẹ bu omi fọ̀ ọ́.

ÀWỌN ỌGBỌ́N TÍ KÌ Í ṢE ỌGBỌ́N

Àwọn kan ń fi ọṣẹ dí ojú ibi tó ń jò. Àwọn mìíràn ń da ata gbígbẹ tàbí ẹyin sínú rédíétọ̀. Àwọn míì ń ra oògùn tó ń dí ihò. Ohun tó bá lè dí ihò tó lu lè dí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi ń gbà kọjá náà. Jíjò á dúró, gbígbóná á bẹ̀rẹ̀.

Òmíràn ni yíyọ thermostat dànù. "Ilẹ̀ wa gbóná, kò wúlò." Bí wọ́n bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnì kì í tètè móoru, á máa jẹ epo. Nínú àwọn ẹ́ńjìnì kan, thermostat náà ló ń dí ọ̀nà ẹ̀bùrú tí omi lè gbà láìdé inú rédíétọ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́ nínú irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ á tún gbóná sí i ni.

Ọkùnrin kan ládùúgbò wa ń fi píkọ́ọ̀pù kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí Iléṣà. Pọ́ǹpù omi rẹ̀ ń kán fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kẹ́ẹ̀gì omi rẹ̀ kì í kúrò lẹ́yìn ìjókòó, ó ti mọ ibi tí yóò ti dúró bomi sí i. Lọ́jọ́ kan tó ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n Alààyè pẹ̀lú ẹrù, pọ́ǹpù já, omi sì tú dànù. Ó wo géèjì, géèjì wà nísàlẹ̀, ó ní kò séwu, ó ń lọ. Ohun tí kò mọ̀ ni pé inú omi ni ohun tó ń wọn ooru gbọ́dọ̀ wà kó tó lè sọ òótọ́. Bí omi bá ti tán, ó lè máa fi òtútù hàn nígbà tí irin ń jóná. Ẹ́ńjìnì kú lórí òkè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n, ó rà. Owó tí wọ́n ti kó jọ fún WAEC ọmọ rẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Ọmọ náà kò jókòó sí ìdánwò lọ́dún yẹn. Owó pọ́ǹpù kan kò súnmọ́ owó ẹ́ńjìnì rárá.

Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá gbóná lójú ọ̀nà, tàbí tí géèjì bá ṣe ségesège, ẹ bẹ ẹni tó ń wà á kó pa AC, kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó pa ẹ́ńjìnì. Ẹ fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó kéré tán. Ẹ má da omi tútù lé ẹ́ńjìnì gbígbóná lórí, irin lè là.

Mo mọ̀ pé ọmọdé kì í pàṣẹ fún bàbá rẹ̀ lórí mọ́tò. Ṣùgbọ́n àwa náà ni wọ́n ń rán ní omi, a sì lè fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fi bírò sàmì sí i, ó ti dín tó báyìí láàárín ọjọ́ méjì." Kò sí òbí tí irú ọ̀rọ̀ yẹn máa bí nínú. Bí mẹkáníìkì bá sì dé, tó ní kí wọ́n lọ ra èyí, kí wọ́n lọ ra tọ̀hún, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí wọ́n kọ́kọ́ bi í: "Ẹ jọ̀ọ́, níbo lomi ń gbà jáde? Ẹ fi hàn mí." Ẹni tó bá rí ibẹ̀ á fi ìka tọ́ka sí i.